Ọjà Ọrún, àti Ọjọ́ Tí Mo Ṣì Í Kà

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo wa mọ́tò jáde ní Ìkẹ́rẹ́, mo gba ọ̀nà Ìsẹ̀ lọ sí ọjà oko kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rán mi. Irú ló fẹ́, irú pẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi ewé dì, kì í ṣe èyí tí wọ́n rọ́ sínú ọ̀rá. Ó fẹ́ ẹ̀gúsí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bó, ó sì fẹ́ ewùrà méjì tí yóò fi dín ọ̀jọ̀jọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí ọjà. Àwọn àtíbàbà wà níbẹ̀ lófìfo, ewúrẹ́ mẹ́ta ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ wọn, obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó lẹ́bàá títì tó ń dín àkàrà. Mo bi í pé ọjà dà. Ó wò mí, ó wo mọ́tò mi, ó ní, "Bàbá, àná lọjà. Ó di Ọjọ́rú o." Mo ra àkàrà ẹgbẹ̀rún kan náírà kí ìrìn náà má baà já sí òfo pátápátá, mo sì yí orí mọ́tò padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ná ọjà yẹn kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọjà ọrún ni. Mo fi márùn-ún kún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé mi dé ọjọ́ Àìkú, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Èmi tí mo fi ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní òǹkà Yorùbá! Gbogbo ẹ̀yin tí mo gé máàkì yín nítorí ẹ̀tàdínlógún àti ẹ̀tàlélógún, ẹ wá gba ẹ̀san yín.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún kò sì jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàńpàkò: "Ìṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ni ení. Ọjọ́rú, èjì. Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ta. Ẹtì, ẹ̀rin. Àbámẹ́ta, àrún. Kí ni wọ́n wá kọ́ ọ nílùú òyìnbó?"

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílùú òyìnbó ni pé kí n fo ọjọ́ tí mo dúró sí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Yorùbá kì í fò ó. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni ení. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa lójoojúmọ́: bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjẹta. Ẹ kà á wò. Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun: ẹ̀ta ti pé. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìṣirò òyìnbó, ọjọ́ méjì péré ni yóò fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrún ṣe jẹ́ ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, bí ìsán ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, tí ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà ìsán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ọrún kò ní dàrú, nítorí pé méjì nínú ọrún ni ìsán. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí i nínú ìwé àwọn àjèjì pé ọ̀kan ń pe ọjà kan ní ti ọjọ́ mẹ́rin, èkejì ń pe ọjà kan náà ní ti ọjọ́ márùn-ún, tí kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Kì í ṣe àwa nìkan la ń kà báyìí o. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní nundinae. Ẹ̀sán ló wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni àwọn àgbẹ̀ wọn ń wọ ìlú wá tajà. Ìsán gan-an nìyẹn. Àwọn Faransé ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di òní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àwọn ìyá wa kò mọ ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀sẹ̀", tí a fi ń pe ọjọ́ méje lónìí, ọjọ́ mẹ́rin ló wà fún tẹ́lẹ̀: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ tí í ṣe ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Orúkọ àti ètò wọn lè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n mẹ́rin náà ni. Nígbà tí ìgbàgbọ́ àti ìmàle mú ọjọ́ méje wọlé, ọ̀rọ̀ náà ṣí lọ bá ọjọ́ méje, ọjà kò bá a ṣí. Mẹ́rin àti méje kì í sì í pàdé àfi lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Nínú ọjà ọrún méje, ẹyọ kan ni yóò bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ẹyọ kan sí ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kékeré mi, ọjà tó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ. Ẹlòmíràn á gbé igbá ẹ̀fọ́ rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti ń kọ orin ìparí báyìí, o kò ní rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

(Mo kọ "igbá" nítorí yín. Ugbá ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é, bó ṣe ń pe ilé ní ulé. Ẹ ó rántí ohun tí mo sọ ní kíláàsì nípa fáwẹ́lì u tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, tí Èkìtì gbà.)

Ní tòótọ́, ọjà kan ṣoṣo kọ́ ni ọjà ọrún. Òbìrí ni, ọ̀pọ̀ ọjà tó so mọ́ra wọn. Onímọ̀ jọ́gíráfì ará Bìrìtìkó kan, B. W. Hodder, rìn káàkiri àwọn ọjà oko ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí àwa ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́, ìwé tí òun àti Ukwu jọ kọ lórí ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì jáde ní 1969. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọjà tó múlé gbe ara wọn máa ń pín ọjọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí tèmi bá jẹ́ òní, tìrẹ á jẹ́ ọ̀la, ti ẹnìkejì á jẹ́ ọ̀tunla. Kò sí abúlé tó máa pẹ́ kí ọjà tó súnmọ́ ọn. Hodder fi àwòrán ilẹ̀ hàn án. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ọjà mẹ́ta ló ń ná láàárín ọrún kan: ọ̀kan lápá Ìsẹ̀, ọ̀kan lápá Èmùré, ẹ̀kẹta ni ọjà kékeré kan tó súnmọ́ oko wa. Ọjọ́ kẹrin ló fi ń fọṣọ, tó fi ń wo àwọn ọmọ. Alágbàtà ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó gbà á, tó tà á. Gààrí tí kò tà níbí, ó ń bá a lọ sọ́hùn-ún. Ẹ̀gúsí tó rà lọ́pọ̀ lápá Èmùré, ó ń tà á lówó gọbọi níbi tí kò ti pọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló gbé mi dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, tọ́rọ́ àti sísì tó ń ti inú ìṣà owó ẹ̀gbọ́n mi jáde ló gbé mi. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1973, mo ti wà ní yunifásítì, òun ṣì ń ka èrè rẹ̀ ní sílè.

Kí ẹ má rò pé ìtàn àlàáfíà ni ìtàn ọjà wọ̀nyí. Ọjà kò lè sí láìsí ọ̀nà, ọ̀nà Èkìtì kò sì ṣeé rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lórí ìlú, ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ọmọ-ogun kò sì tú ká títí di 1893. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogun yẹn ṣe rí, kó ka ìwé tí S. A. Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì, gbé jáde ní 1971. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni iyọ̀. A kò ní iyọ̀ ní Èkìtì. Láti etí òkun ló ti ń bọ̀, ẹni tó bá sì di ọ̀nà etí òkun mú, ó di ọbẹ̀ wa mú. Nígbà tí Glover, gómìnà Èkó, la ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá ní 1872, kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń bá ọ̀nà yẹn wọlé wá fún Èkìtì. Iyọ̀ ń bá a wọlé pẹ̀lú.

Orí ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ọkọ̀ kò sí, ẹṣin kò pọ̀ nínú igbó wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1938. Lára ilẹ̀kùn yẹn, ọba jókòó, òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n ń pè ní Ambrose ń bọ̀ lórí àga tí àwọn ènìyàn gbé, àwọn aláàárù sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924, wọ́n fún Ọba ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ní pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní British Museum títí di òní. Mo lọ wò ó nígbà tí mo ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ènìyàn ń wo òyìnbó orí àga. Ọrùn àwọn aláàárù lèmi ń wò, nítorí mo mọ ọrùn kan nílé wa tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí irú.

Mo padà lọ ní Ọjọ́rú, ọjà sì kún. Mo ti ń ná ọjà Ìkẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní ọjà ojoojúmọ́, tòmátì tí ẹ ń rà ti gun ọkọ̀ láti òkè Ọya, ata rẹ̀ ti sùn lójú ọ̀nà, ẹni tó ń tà á fún yín kò sì mọ oko tó ti wá. Ní ọjà ọrún, ẹni tó wú u ló ń tà á. Erùpẹ̀ ṣì wà lára ewùrà. Ẹ̀bọ̀lọ̀ àti òdú ṣì tutù nínú ewé kókò tí wọ́n fi wé e. Olú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí òjò ti rọ̀, ìgbín sì ń fà kúrò nínú agbọ̀n, ọmọ kékeré kan ló jókòó tì í tó ń dá wọn padà.

Mo bi ìyá onírú pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ó ní bí òun bá ti ọjà dé, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lòun ń gbé hóró kaná, iná kì í kú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì òun á gún un, òun á fọ èèpo rẹ̀ kúrò, òun á tún un sè, òun á sì fi ewé bò ó nínú agbọ̀n. Á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin. Ní òru ọjọ́ kẹrin ni òórùn rẹ̀ á sọ fún un pé ó ti dára. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọjà. Mo yíjú sí onígààrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: òní ló rin ẹ̀gẹ́, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò kó lè ro kó sì kan, ní ọjọ́ kẹrin ló yan án. Fùfú náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó rẹ àgbàdo fún ògì, bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n là lójú. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣàlàyé ọrún pẹ̀lú òǹkà àti òrìṣà, n kò wo inú ìkòkò rí. Oúnjẹ tí a ń pè ní tiwa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni oúnjẹ tó ń kan, tó ń rà kó tó dára, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kíkan rẹ̀ sì ń gbà. N kò sọ pé irú ló dá ọrún sílẹ̀ o; ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, àlejò ni, láti Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá, òun àti àgbàdo àti ata wẹ́wẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí àlejò yẹn dé, ó bá kàlẹ́ńdà kan nílẹ̀ tó bá ìkòkò rẹ̀ mu, ó sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìwé nìkan, nítorí pé wọ́n ń gbèrò láti yí ọjà náà padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, òṣìṣẹ́ ìjọba ti pọ̀ lágbègbè wa, yunifásítì náà sì ti wà ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ènìyàn bíi tèmi, tí wọ́n ní mọ́tò, tí wọ́n sì ń wá ẹ̀fọ́ tútù, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ráyè. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà ní kí ọjà máa jẹ́ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àlejò má baà máa wá bá àtíbàbà òfìfo. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀kan nínú wọn fi mí ṣe àpẹẹrẹ lójú mi. Ó ní, "Ẹ ò rí Purọ́ bí? Bàbá tó kàwé tó báyìí ò lè ka ọjọ́ ọjà, ẹ wá ń retí pé kí ará Adó kà á?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo lè ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀. Owó wà lápò àwọn ará ìlú, ọmọbìnrin tó ń ta ìgbín náà yóò rí i gbà. Nígbà tí mo délé ni mo tó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ́kọ́ tú ewé irú, ó gbé e súnmọ́ imú, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé àwọn ọjà yòókù ńkọ́. Mo ní bóyá àwọn náà á gba ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní, "Ẹni tó ń ná ọjà mẹ́ta, èwo ni yóò lọ?"

N kò ní èsì. Bí gbogbo ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò dára fún ẹni tó ń rà, nítorí ọjà kan ló nílò. Ẹni tó ń tà ni yóò pàdánù méjì nínú mẹ́ta. Irú tí kò bá tà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ mẹ́fà ni yóò fi jókòó. Ẹ̀fọ́ kò tilẹ̀ ṣeé fẹnu kàn. Ọkọ̀ ńlá ni yóò wá máa rà wọ́n lọ́wọ́ wọn ní iye tó bá wù ú, nítorí yóò mọ̀ pé wọn kò ní ọjà mìíràn tí wọ́n lè gbé e lọ lọ́la. Àwọn ọmọ yẹn kò ronú kan ìyẹn, èmi náà kò ronú kàn án kí obìnrin tí kò ka ìwé kankan tó bi mí.

Mo ti bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà pé, kí wọ́n tó pinnu, kí wọ́n bá mi lọ káàkiri àwọn ọjà tó yí wọn ká, ká kọ ọjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ká sì bi àwọn ìyá pé ọjà mélòó ni wọ́n ń ná. Ó gbà. Mo tún ní bó bá jẹ́ pé kíkà ló ni yín lára, tẹlifóònù lè kà á: ẹ fi ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, àwọn ará Adó á wá. Ó ní òun á sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bá wà ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rùn tàbí ní Èmùré, tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń ná ọjà ọrún, kó jọ̀ọ́ bi í ní ọjọ́ ọjà rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi.

Iye tí mo ra irú náà? Ìyá onírú ní ẹgbẹ̀rún méjì, mo ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó gbà, ó sì fi ìdì kékeré kan lé e lórí gẹ́gẹ́ bí èènì. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ra á wọ́n. Ọjà tó tẹ̀ lé ti Ọjọ́rú náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé aago mélòó ni àlùfáà wa ń parí ìsìn.